Ṣé Àwa La Pẹ́ Ni?

 

Tẹ́ ẹ bá ti ń ka abala yìí tipẹ́, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, pé Atlanta níbí ni wọ́n bí mi sí, àti pé mo ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Yorùbá fúnra mi. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí àmì ohùn tó ṣìnà, ẹ fojú àánú wò ó. Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ irọ́ kan ni, irọ́ kékeré tí mo pa fún ọmọ mi nídìí tábìlì oúnjẹ, àti ibi tí mo lọ kí n tó tún un ṣe.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbé iṣẹ́ àṣetiléwá kan dé láti iléèwé. Bébà gígùn kan ni, tí wọ́n fa ìlà sí láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Wọ́n pín ìlà náà sí mẹ́ta: Sànmánì Òkúta, Sànmánì Idẹ, Sànmánì Irin. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ohun tí àwọn baba ńlá tirẹ̀ ń lò ní sànmánì kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìlà náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti China ti ya ìkòkò idẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Òmíràn tí ìran rẹ̀ wá láti Gíríìsì ti ya idà àti àṣíborí.

"Dàdí," ó ní, òyìnbó ló fi sọ ọ́, "kí làwa fi idẹ ṣe ní Sànmánì Idẹ?"

Mi ò mọ̀. Kí n sòótọ́, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ mi, mo wo àyè òfìfo tó wà lórí bébà yẹn, ọkàn mi ò gbà á. Mo ní, "Orí Ifẹ̀ ńkọ́? Ṣebí idẹ ni. Yà á síbẹ̀." Ó yà á. Ó tiẹ̀ yà á dáadáa, pẹ̀lú àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ojú wálẹ̀. Inú mi dùn, mo lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì ó padà wá bá mi. Ó ti lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "Dàdí, orí yẹn ò tíì pé ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìwé mi sì sọ pé Sànmánì Idẹ ti parí kí wọ́n tó bí Jésù." Ó ti pa orí Ifẹ̀ náà rẹ́ kúrò lórí bébà. Ó wá béèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n bínú: "Ṣé àwa la pẹ́ ni?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kàwé nílùú yìí. Nígbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí bóyá orí igi ni àwọn ẹbí mi ń gbé. Bàbá mi ní kí n má dá wọn lóhùn. Mi ò dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo ní èsì tí mo kàn gbé mì. Mi ò ní in ni. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti rí àyè òfìfo níbi tó yẹ kí orúkọ wa wà, ara mi máa ń yá láti fi ohunkóhun dí i. Ohun tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn, ọmọ mi sì ká mi mọ́ ọn.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ìyá mi, má bínú. Mi ò mọ̀ ni. Fún mi ní ọjọ́ díẹ̀." Ohun tí mo rí rèé.

Ta ló to sànmánì?

Ọkùnrin ará Denmark kan ló tò ó, Christian Jürgensen Thomsen lorúkọ rẹ̀. Ọmọ oníṣòwò ni. Wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú àwọn ohun àtijọ́ tí wọ́n kó jọ sí Copenhagen, ó sì bá wọn nílẹ̀ rẹpẹtẹ láìní ètò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n: ti òkúta lọ́tọ̀, ti idẹ lọ́tọ̀, ti irin lọ́tọ̀. Kì í ṣe pé ó kàn ń ya wọ́n sọ́tọ̀ lásán o. Ó ń wo àwọn nǹkan tí wọ́n jọ bá nínú sàréè kan náà, ó sì fi ìyẹn mọ èyí tó ṣáájú èyí. Ní 1836, ètò rẹ̀ jáde nínú ìwé kékeré kan.

Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni, bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní Denmark lóòótọ́: òkúta, lẹ́yìn náà idẹ, lẹ́yìn náà irin. Ṣùgbọ́n ohun tí ilẹ̀ Denmark fi sílẹ̀ ló ń tò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ètò náà káàkiri ayé bí àtẹ̀gùn, wọ́n ní gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gùn ún ní ẹsẹẹsẹ, pé ẹni tó bá fo ẹsẹ̀ kan ti já síta.

Nínú iṣẹ́ tèmi, a mọ irú àṣìṣe yìí dáadáa. Ẹnì kan á jókòó sí Amẹ́ríkà, á ṣe fọ́ọ̀mù tó ní kí gbogbo ayé kọ nọ́ńbà ZIP kan kó tó lè tẹ̀ síwájú. Ìyá àgbà yín ní Ṣakí ní ilé, ó ní àdúgbò, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ń sọ fún un pé kò tíì parí. Àléébù ò sí lára ìyá àgbà. Ara fọ́ọ̀mù ló wà.

Kí ló dé tí idẹ fi ṣáájú irin níbòmíràn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bàbà ni irin pupa tó wà nínú wáyà iná. Tí wọ́n bá yọ́ ọ pọ̀ mọ́ tánganran, á le sí i; èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní bronze. Tó bá jẹ́ zinc ni wọ́n pò mọ́ ọn, á di brass. Yorùbá ò yà wọ́n sọ́tọ̀: idẹ ni méjèèjì.

Ní àwọn ibì kan láyé, bàbà máa ń wà lórí ilẹ̀ bó ṣe jẹ́, èèyàn á kàn ṣà á, á fi òkúta lù ú. Ó sì ń yọ́ ní 1,085°C, ìyẹn ò jìnnà sí ohun tí iná amọ̀kòkò tó dára lè ṣe. Ọkùnrin tí wọ́n bá nínú yìnyín láàárín Austria àti Ítálì ní 1991, tí wọ́n sọ ní Ötzi, ti kú láti nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, àáké bàbà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ọmọ, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀.

Ìṣòro idẹ ni pé bàbà àti tánganran kì í sábàá wà níbì kan náà. Denmark fúnra rẹ̀ ò ní ìkankan tí wọ́n lè wà nígbà náà. Ńṣe ni wọ́n ń rà á láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀nà òwò bàbà àti tánganran bá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá ló ń ní Sànmánì Idẹ.

Irin yàtọ̀. Irin wà níbi gbogbo. Nínú gbogbo ìwọ̀n ìpele òkè ilẹ̀ ayé, nǹkan bí 5 nínú 100 ni irin. Ilẹ̀ pupa Georgia tó ń ba bàtà àwọn ọmọ wa jẹ́ yìí, ìpáàrà irin ló sọ ọ́ di pupa, òun náà ló sọ ilẹ̀ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ di pupa. Ṣùgbọ́n irin ò rọrùn láti yọ. 1,538°C ló ń yọ́, ọ̀pọ̀ ìléru àtijọ́ ò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́?

Wọn kì í yọ́ ọ. Wọ́n á kó òkúta tí irin wà nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ èédú sínú ìléru amọ̀, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọ ibẹ̀, yálà nípa ẹwìrì tàbí nípa ihò tí wọ́n dá sí ìsàlẹ̀ ìléru. Èédú tó ń jó á fa ọ́síjìn kúrò lára òkúta náà. Ìdọ̀tí inú òkúta á yọ́ ní nǹkan bí 1,200°C, á ṣàn jáde. Òun ni à ń pè ní ìdàrọ́. Irin á wá kù sí ìsàlẹ̀, ó rí págunpàgun, ihò wà lára rẹ̀ bíi kànìnkànìn. Alágbẹ̀dẹ á gbé e, á lù ú, á tún kì í bọ iná, á tún lù ú, títí ìdọ̀tí tó kù á fi jáde. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ò lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìléru. Àwọ̀ iná, òórùn èéfín àti ohun tí àwọn àgbà kọ́ ọ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti ọdún méjìlá, mi ò rò pé mo ti ṣe ohun tó nira tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá kan tiwa

A ní òkúta. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ nínú Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrún, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní. Wọ́n bá egungun ènìyàn kan tó ti lé ní 11,000 ọdún, àti àwọn òkúta kéékèèké tí wọ́n ti bó létí kí wọ́n lè mú.

A sì ní irin. Ní Taruga, tí kò jìnnà sí Abuja, awalẹ̀pìtàn Bernard Fagg àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí àwọn ìléru tí àwọn ará Nok lò ní nǹkan bí ọdún 500 sí 300 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹ jẹ́ kí n má tún purọ́ lẹ́ẹ̀kejì o: kò sí ẹ̀rí pé Yorùbá ni àwọn ará Nok. Aládùúgbò wa ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá inú Áfíríkà níbí ni ọgbọ́n irin ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni àbí ó wá láti ìta. Ẹ ó rí àwọn tó ń pariwo lórí Facebook pé àwa la kọ́kọ́ yọ irin láyé. Ẹ má fi ìyẹn kọ́ ọmọ títí ìjà náà á fi parí. Ohun tó dájú ti tó wa lọ.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní Denmark, ilẹ̀ Thomsen gan-an, ìgbà wo ni Sànmánì Irin bẹ̀rẹ̀? Nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú ìbí Kristi. Nígbà tí àwọn baba Thomsen ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irin, ìléru ń jó ní Taruga.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ bu omi mu.

Bàbà àti idẹ ńkọ́? Ní etí aṣálẹ̀, ní Mauritania àti Niger, àwọn ènìyàn yọ bàbà láyé àtijọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, inú òkúta ni wọ́n ti bọ́ sínú irin tààrà. Idẹ wá dé lẹ́yìn. Ní Igbo-Ukwu, níbi tí Shaw ti walẹ̀ láti 1959, wọ́n bá iṣẹ́ idẹ tí àwọn onímọ̀ fi sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án lẹ́yìn ìbí Kristi, ó sì kún fún iṣẹ́ ọnà tó ń ya ojú lẹ́nu. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin bá àwọn orí tí ọmọ mi yà yẹn. Ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sábà máa ń fi wọ́n sí. Idẹ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà nìkan, bíi ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbàlùfọ̀n. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń da bàbà, wọ́n á sọ fún yín pé bàbà lásán le dà ju idẹ lọ.

Nítorí náà, ìtò tiwa rèé: òkúta, irin, lẹ́yìn náà bàbà àti idẹ. A ò fo àtẹ̀gùn. Ọ̀nà mìíràn la gbà wọlé.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ mi báyìí: "Ṣé o rántí ìyá àgbà nílé? Wọn ò ní tẹlifóònù onílà rí láyé wọn. Ní 2001, GSM dé Nàìjíríà, wọ́n ra tọwọ́. Ṣé wọ́n pẹ́ ni?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Rárá. Àwa la ṣì ń sanwó waya."

Ohun tí èdè wa ti mọ̀ tipẹ́

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí, torí kò sí nínú ìwé ọmọ mi, ó wà nínú ẹnu àwọn àgbà.

Tí àgbẹ̀ bá ń kọ ebè, nígbà mìíràn á kan òkúta dídán kan, tó mú lápá kan bí àáké. Ẹdun àrá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní Ṣàngó ló jù ú láti òkè, wọ́n á gbé e lọ sójúbọ. Awalẹ̀pìtàn á wò ó, á ní àáké àwọn ará Sànmánì Òkúta ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọmọ yín, torí àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù náà ń rí tiwọn, àwọn náà sọ pé àrá ló sán an. Ohun tó wù mí ni pé àwọn baba wa mọ̀ pé òkúta yìí kì í ṣe òkúta lásán. Wọn ò sọ ọ́ nù. Ojúbọ Ṣàngó ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn.

Ẹ wá wo ìtàn Ògún. Àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sáyé, igbó dí wọn lọ́nà. Níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà, Ọbàtálá ló kọ́kọ́ gbìyànjú, ó fi àdá òjé ṣá igbó, àdá náà ká. Ògún fa àdá irin yọ, ó lànà. Mi ò sọ pé ìtàn òrìṣà jẹ́ ìwé ìtàn o. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ ohun tí irin rírọ̀ kò lè ṣe fún àgbẹ̀ tó wà nínú igbó. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ojúbọ Ògún Ládìn, irin ńlá kan wà níbẹ̀ tó rí bí ẹ̀kán omi. Wọ́n ní owú Ládìn alágbẹ̀dẹ ni. Títí dòní, ní kóòtù Nàìjíríà, ẹni tó ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra.

Idẹ sì jẹ́ ti Ọ̀ṣun. Ẹdan Ògbóni ńkọ́? Idẹ ni lóde, irin ni ọ̀pá inú rẹ̀. Òkúta fún Ṣàngó, irin fún Ògún, idẹ fún Ọ̀ṣun: gbogbo sànmánì inú ìwé ọmọ mi ló wà lẹ́nu wa, wọn ò kàn tò ó bíi ti Thomsen.

Ọjọ́ Sátidé kan ní Cartersville

Mo gbé ọmọ mi, a kọjá sí Stone Mountain lọ gbé bàbá mi, a gba I-75 lọ sókè sí Cartersville. Ìrìn bíi wákàtí kan ni láti Atlanta. Ibi méjì ni a lọ.

Èkíní ni Etowah Mounds, ìlú àtijọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, tí àwọn Muscogee ń pè ní ti baba wọn. Wọ́n gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí 1000 sí 1550. Òkìtì tó ga jù níbẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 63, ènìyàn ló fi apẹ̀rẹ̀ ru èèpẹ̀ rẹ̀. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà níbẹ̀, a rí iṣẹ́ bàbà wọn. Wọn ò yọ́ bàbà yẹn rárá. Ńṣe ni wọ́n ń yá a nínú iná, tí wọ́n ń lù ú títí á fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé, wọ́n á wá ya ẹyẹ àti jagunjagun sí i. Ọmọ mi dúró níbẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ní bàbà, wọn ò ní irin. Tiwọn tún yàtọ̀ sí tiwa." Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ìkejì ni ìléru Cooper, lẹ́bàá odò Etowah náà, nísàlẹ̀ ìsédò Allatoona. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ga, ó rí bí ilé tó ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè. Mark Anthony Cooper ló ni ilé iṣẹ́ irin náà, odidi ìlú ló yí i ká. Ní 1864, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ọmọ ogun Sherman sun ún. Ìléru yìí nìkan ló kù. Mo sọ fún ọmọ mi pé nígbà yẹn, káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú pọ̀ nídìí ìléru àti nínú àgbẹ̀dẹ.

Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Díákónì ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n fọwọ́ kan òkúta ìléru náà, wọ́n ní, "Lẹ́yìn ìlú wa, òkìtì dúdú kan wà tí a máa ń gùn ní kékeré. Òkúta ibẹ̀ wúwo ju òkúta lọ. Ìdàrọ́ ni."

Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀yọ́ ni ìlú wọn. Mo ti kà á pé ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ irin, bí wọ́n ṣe mọ ìléru àti bí wọ́n ṣe ń dáná rẹ̀. Kì í ṣe ayé Nok mọ́ nìyẹn o, ayé bàbá bàbá wọn ni. Lẹ́yìn náà ni irin òyìnbó wọ̀lú lówó pọ́ọ́kú, ìléru kú. Àgbẹ̀dẹ ò kú. Àwọn alágbẹ̀dẹ bọ́ sórí irin ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, wọ́n ń fi rọ àdá àti ọkọ́.

Mo bi wọ́n pé ta ló ń yọ irin nílùú wọn. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Àwa ni. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá mi. Olú tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wa yìí, Ògún ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi ni wọ́n yí i."

Ẹ̀yin òbí, mo ti jẹ́ orúkọ yẹn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo ti lọ sí Copenhagen àti Taruga lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wá èsì fún ọmọ mi, èsì sì wà nínú mọ́tò, ó jókòó síwájú, ó de bẹ́líìtì. Mi ò bi wọ́n rí ni. Àwọn náà ò sì sọ ọ́ rí, bóyá torí pé wọ́n rò pé ohun ìtìjú ni níwájú ìjọ, tàbí pé kò ní wúlò fún ọmọ Atlanta.

Nígbà tá a délé, ọmọ mi gba bébà tuntun. Ìlà mẹ́ta ló fà, kì í ṣe ọ̀kan: ọ̀kan fún Denmark, ọ̀kan fún Etowah, ọ̀kan fún ilẹ̀ Yorùbá àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó ya ẹdun àrá, ó ya ìléru, ó sì tún orí Ifẹ̀ yà, síbi tó yẹ lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá mi gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yí bébà náà padà, wọ́n kọ orúkọ ìdílé wa àtijọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn. Wọ́n ní, "A ò ní yí i padà mọ́ o, Olú la ó máa jẹ́. Ṣùgbọ́n kó mọ̀."

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé

*Ẹ wá irin nínú ilẹ̀.* Ẹ so màgínẹ́ẹ̀tì mọ́ okùn, ẹ wọ́ ọ kọjá nínú iyanrìn odò tàbí ti pápá ìṣeré. Èérún dúdú tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹ fi ọ̀rá wé màgínẹ́ẹ̀tì náà kó tó kan iyanrìn, kó lè rọrùn láti nù.

*Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà.* Ìléru: ibi tí iná ti ń yọ irin. Ẹwìrì: ohun tí à ń fi fẹ́ atẹ́gùn sí iná. Èédú: igi tí a ti sun dúdú. Ìdàrọ́: ìdọ̀tí tó yọ́ kúrò lára irin. Owú: ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ń lu irin. Àgbẹ̀dẹ: ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Àwọn àgbà ní, alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹ fi òwe yìí parí ẹ̀kọ́ náà, kẹ́ ẹ bi wọ́n kí ni wọ́n rò pé ó fẹ́ fà yọ.

*Ẹ pe àwọn àgbà.* Ẹ bi wọ́n: iṣẹ́ kí ni bàbá bàbá yín ṣe? Orúkọ wo là ń jẹ́ tẹ́lẹ̀? Tó bá jẹ́ Ògún, Ṣàngó, Ifá tàbí Ọ̀ṣun ló wà níbẹ̀, kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ yí káàdì yín padà. Ẹ kàn kọ ọ́ síbì kan tí ọmọ á ti rí i.

Tí ọmọ yín bá sì bi yín ní ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ ní, "Mi ò mọ̀, jẹ́ ká lọ wá a." Ó dùn ún sọ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó di ìgbà mìíràn o. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.